Ta Ló Ń Gbé Ẹni Tí Inú Rẹ̀ Ń Dùn Lọ Sílé Ìwòsàn?

  Ọ̀rọ̀ àìsàn ọpọlọ la fẹ́ sọ lónìí. Mo mọ̀ pé bí mo ti dárúkọ rẹ̀ báyìí, ẹlòmíì á ti na ọwọ́ sí rédíò pé kí òun yí i síbòmíì. Ẹ dákun, ẹ má tíì yí i. Kì í ṣe ti ẹni tó ń rìn níhòòhò lábẹ́ afárá la fẹ́ sọ. Ti ẹni tó wọṣọ, tó ń ṣiṣẹ́, tó sì ń kí yín lójoojúmọ́ ni.

Bí ẹnì kan nínú ilé bá ń sunkún, tí kò jẹun, tí kò fẹ́ rí èèyàn, bó pẹ́ bó yá, ẹnì kan á béèrè pé kí ló dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó jí láago mẹ́ta òru, tó ń kọrin, tó ti fọ gbogbo aṣọ ilé, tó ní òun ti rí ọ̀nà tí òun máa fi lówó kí oṣù tó parí, ta ló máa gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sílé ìwòsàn? A ó ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà rẹ̀ ni. A ó ní orí rẹ̀ ti jí. Àìsàn kan wà tó ní apá méjì: apá kan, a máa ń káàánú ẹni tó ń ṣe, apá kejì, a máa ń kí i kú oríire. Bàípólà ni wọ́n ń pè é. Ìsoríkọ́ ni apá kan rẹ̀, ìrusókè ni apá kejì, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní máníà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fi tó wa létí pé ní ọdún 2019, nǹkan bí 40 mílíọ̀nù èèyàn ló ní bàípólà káàkiri ayé, ti àwọn tó ní ìsoríkọ́ sì tó 280 mílíọ̀nù. Ẹ ò rí i pé ìsoríkọ́ pọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé bí ẹni tí ojú rẹ̀ fà ro bá wọlé sí dókítà, ìsoríkọ́ nìkan ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ nìyẹn. Àìbéèrè síwájú sí i ni ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìsoríkọ́ bẹ̀rẹ̀, torí òun la mọ̀ jù. Ní ilẹ̀ wa níbí, ẹni tó soríkọ́ kì í sábà sọ pé inú òun bàjẹ́. Ara ló máa ń sọ. Á ní orí òun ń gbóná bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á. Á ní nǹkan kan ń rìn lábẹ́ awọ orí òun bí èèrà. Á ní àyà òun ń já, ara òun wúwo, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu òun. Wọ́n á ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ibà àti táífọ́ọ̀dù, ilé àyẹ̀wò ìkóríta á sì bá a rí táífọ́ọ̀dù náà, torí wọn kì í sábà wá a tì. Á lo oògùn ibà, á gba abẹ́rẹ́, á mu àgbo, pàbó ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa bi í pé, “Ṣé ohun tó máa ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ ṣì ń dùn mọ́ yín?”, oṣù ti ń gorí oṣù.

Ìbéèrè yẹn lọ́pọ̀lọpọ̀ ìtumọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù bí ẹ̀mí ara rẹ̀, tí Super Eagles ń gbá, tó wá kọjú sógiri tí kò béèrè iye góòlù, ẹ yẹ ọ̀rọ̀ onítọ̀hún wò. Kí dókítà tó lè pe nǹkan báyìí ní ìsoríkọ́, ó gbọ́dọ̀ ti wà lára ẹni náà fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ lójoojúmọ́, láàárọ̀ lálẹ́. Á máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi ohun tí kò ṣe. Ìpinnu kékeré bíi kí ló máa sè lónìí á di òkè ńlá. Ẹlòmíì á máa ronú ikú.

Apá kejì wá ńkọ́? Àpẹẹrẹ ni n ó fi ṣe o, kì í ṣe ẹnì kan pàtó, kí ẹ má baà máa wojú ara yín ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn. Ká ní Bàbá Ìbejì kan ń ta àǹkárá àti léèsì níbẹ̀, ọmọ ọdún 29, ọkùnrin jẹ́jẹ́, tí kì í jẹ gbèsè. Lóru ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ jí, ó rí i pé iná pálọ̀ ń tàn. Bàbá Ìbejì ti kó gbogbo àga síta, ó ń kun ògiri. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ni. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó rà á.

“Bàbá Ìbejì, ẹ ò tíì sùn ni?”

“Oorun kẹ̀? Oorun àwọn ọ̀lẹ! Ìyá Ìbejì, wá jókòó, wá gbọ́ ohun tí Ọlọ́run fi hàn mí.”

Kí obìnrin náà tó rí ibi jókòó sí, ó ti gbọ́ nípa ilé iṣẹ́ ìhunṣọ tí wọ́n máa kọ́ sí Mọ́níyà, nípa ọkọ̀ òfurufú tí yóò máa gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí Dubai, nípa gómìnà, nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó jẹ ẹ́ ní náírà mẹ́wàá, ó tún ti padà sórí gómìnà. Ọ̀rọ̀ kan ń ti òmíràn ṣubú. Ìyá Ìbejì ò rí àyè fi ẹnu bọ̀ ọ́.

Ọjọ́ kejì, ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ọjà tà lọ́jọ́ náà ju ti ìgbàkígbà rí lọ, torí ó ń pa oníbàárà lẹ́rìn-ín, ó ń jó, ó ń fi ọ̀pá mẹ́ta ṣe èènì fún ìyá arúgbó. Àwọn ará ọjà ń ṣe àmín. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ó ti yá owó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó tún gba orí fóònù yá òmíràn lọ́wọ́ àwọn tó ń yáni lówó láìbéèrè onídùúró. Ó ra jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta fún ilé oníyàrá méjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a wí, ó fẹ́ẹ̀ gbá a létí, ẹni tó jẹ́ pé ìdọ̀bálẹ̀ ló fi ń kí i. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó bọ́ sáàárín títì, ó ń darí ọkọ̀, ó ní ọwọ́ òun ni wọ́n fi gbogbo ọ̀nà Ìbàdàn sí. Ìgbà yẹn ni ẹnì kan tó la ẹnu pé, “Ọ̀rọ̀ yìí mà ti kúrò ní ti ayọ̀.”

Odidi ọjọ́ mẹ́jọ ló ti kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Láàárín gbogbo ìgbà yẹn, oorun wákàtí méjì péré ni Bàbá Ìbejì ń sùn mọ́jú, kò sì rẹ̀ ẹ́. Ẹ di èyí mú, torí lójú tèmi, kò sí àmì tó tó o. Ẹni tó soríkọ́ tí kò rí oorun sùn ń wá oorun ni, oorun ló kọ̀ ọ́. Tílẹ̀ bá mọ́, ara rẹ̀ á ti kú tán. Ẹni tó wà nínú ìrusókè ò wá oorun rárá. Ó ti jí, ara rẹ̀ le koko, ó ń bi yín pé kí lẹ ṣì ń ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì. Tí ẹ bá rí i tí oorun ẹnì kan já lójijì báyìí fún òru mélòó kan, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń pọ̀ sí i, tí owó sì ń fò jáde lápò rẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ kẹsàn-án.

Àwọn dókítà ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ìrusókè gbọ́dọ̀ tó ọ̀sẹ̀ kan, àfi tó bá le débi tí wọ́n fi ní láti dá ẹni náà dúró sílé ìwòsàn, kò pọn dandan kó tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀, tí kò ba iṣẹ́ àti ilé jẹ́, tó lo ọjọ́ mẹ́rin ó kéré tán, òun náà ní orúkọ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìrusókè kékeré. Ìrusókè kékeré yìí ló ń tan èèyàn jẹ jù. Ẹni tó ń ṣe ò ní dé ilé ìwòsàn nítorí rẹ̀ láéláé, àwọn ọ̀gá rẹ̀ lè tilẹ̀ fún un ní ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Ìsoríkọ́ tó ń tẹ̀ lé e ló máa gbé e débẹ̀. Ẹ sì wá jẹ́ kí n sọ èyí sí i: àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí ti sọ bàípólà di èébú. Ọ̀gá bínú láàárọ̀, ó rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án, wọ́n ní bàípólà ló ń ṣe é. Kì í ṣe bàípólà, ìwà ni. Bàípólà kì í fi wákàtí ka ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Bàbá Ìbejì. Lẹ́yìn ìrusókè, ó wálẹ̀ gbì. Ṣọ́ọ̀bù tì. Ó ń sùn látàárọ̀ dálẹ́. Àwọn ayánilówó orí fóònù ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù rẹ̀ pé olè ni, títí kan àna rẹ̀ àti ìmáàmù àdúgbò. Ó ń rántí àwọn ohun tó sọ, ojú ń tì í débi tí kò fi lè jáde lọ ra búrẹ́dì. Tí ìyàwó rẹ̀ bá wá mú un lọ sílé ìwòsàn lásìkò yìí, kí ni dókítà máa rí? Ọkùnrin tó jẹ gbèsè, tó ń sunkún. Ìsoríkọ́ ni, ó dájú. Wọ́n á kọ oògùn ìsoríkọ́ fún un.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Oògùn ìsoríkọ́ tó ń ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ lè gbé ẹni tó ní bàípólà láti inú ìsoríkọ́ bọ́ sínú ìrusókè mìíràn, bí kò bá sí oògùn tó ń mú kí ìṣesí ọkàn dúró sójú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń mú aláìsàn lọ, ẹ̀yin lẹ mọ ìtàn tí dókítà ò mọ̀. Aláìsàn fúnra rẹ̀ lè má sọ ọ́. Ẹlòmíì ń tijú, ẹlòmíì sì gbà tọkàntọkàn pé ìgbà yẹn gan-an ni ara òun le jù láyé. Ẹ má dúró kí wọ́n bi yín. Ẹ sọ pé: “Dókítà, lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, kò sùn fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ń náwó ní ìnákúnàá, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò sì dáwọ́ dúró.” Ẹ sọ ọ́ bí bàbá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, torí àìsàn yìí máa ń rìn nínú ẹbí. Ẹ sọ ọ́ bó bá jẹ́ pé ọmọ ogún ọdún tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni nígbà tí ìsoríkọ́ àkọ́kọ́ mú un. Ẹ sọ oògùn tó ń lò àti ohun tó ń fà sínú, torí igbó, áìsì, àti oògùn ìsanra tí àwọn kan ń rà lọ́wọ́ alágbàtà láti fi sanra lè gbé ohun tó jọ ìrusókè dìde. Ẹṣẹ́ táírọ́ọ̀dù tó wà lọ́rùn, bó bá ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Ti ìyá ọmọ tuntun gba àkíyèsí lọ́tọ̀. Gbogbo wa la mọ abísínwín. Obìnrin bímọ, kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì kò sùn mọ́, ó ń sọ̀rọ̀ wótowòto, ó ń wo ọmọ bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí èyí ń ṣe, bàípólà ló wà nídìí rẹ̀, ìbímọ ló kàn hú u síta. Ọ̀ràn kíákíá ni, wọn kì í fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá ti ṣe lẹ́yìn ọmọ àkọ́kọ́, kí ó sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì kí oyún kejì tó dàgbà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó lè bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́. Àìsùn máa ń ta ìrusókè jí. Ẹni tó ní bàípólà tó lọ ṣe ìṣọ́ òru mẹ́ta léraléra, tó gbààwẹ̀, tó sì fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́, ó ti kó gbogbo ohun tí àìsàn náà ń fẹ́ jọ síbì kan. Tó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ríran, tó ń sàsọtẹ́lẹ̀ láìdákẹ́, ìjọ lè rò pé ẹ̀mí ló gbé e. N ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Mo ní kí ó gbà á lọ́sàn-án, kó sì sùn lálẹ́.

Ní ti oògùn, àwọn bàbá wa ò jókòó lásán. Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ni àwọn oníṣègùn ń lò fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ó sì máa ń mú wọn rọlẹ̀ lóòótọ́. Oògùn kan tí wọ́n ń pè ní reserpine wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í fi reserpine wo ẹ̀jẹ̀ ríru ní nǹkan bí ọdún 1950 sókè, wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọn kan tó ń lò ó ń soríkọ́. Ó lè fa ẹni tó ń fò wálẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó yẹ kó ti dúró, kò sì sí ẹni tó lè fojú wọn iye tó wà nínú ìgò àgbo kan.

Èyí tó mọ ibi ìdúró ni lítíọ́ọ̀mù. Iyọ̀ kan tó ń wá látinú ilẹ̀ ni. Dókítà John Cade, ará Ọsirélíà, ló kéde ní ọdún 1949 pé ó ń mú àwọn tó wà nínú ìrusókè rọlẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, kò sì tíì sí oògùn tó gba ipò rẹ̀ pátá. Ó ń dènà ìrusókè, ó ń dènà ìsoríkọ́, ó sì ń dín ewu gbígba ẹ̀mí ara ẹni kù. Ṣùgbọ́n àyè tó wà láàárín èyí tó ń woni sàn àti èyí tó ń ṣe májèlé kéré gan-an. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa gba ẹ̀jẹ̀ wò lóòrèkóòrè, kí wọ́n sì máa wo kíndìnrín. Àìtó omi lára, ìgbẹ́ gbuuru, ooru tó pọ̀, ààwẹ̀ láìmu omi, àti oògùn ìrora bíi ibuprofen lè mú kó ga jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń lò ó tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kíkankíkan, tó ń bì, tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, tí ahọ́n rẹ̀ wúwo, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ kíákíá. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ẹ ń lò ó, kí Ramadan tó wọlé lẹ ti máa rí dókítà yín, kì í ṣe lọ́jọ́ kẹwàá rẹ̀. Àwọn oògùn mìíràn wà fún ẹni tí lítíọ́ọ̀mù ò bá lára mu, àmọ́ ọ̀kan nínú wọn, valproate, ewu ńlá ni fún oyún. Obìnrin tó ṣì ń bímọ, kó béèrè dáadáa.

Kí ló wá ń mú kí àwọn aláìsàn máa jáwọ́ nínú oògùn? Ìdáhùn tó mọ́gbọ́n wá jù tí mo mọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Kay Redfield Jamison, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni àìsàn yìí, òun náà sì ní in. Nínú ìwé tó kọ ní 1995, An Unquiet Mind, ó sọ bí òun ṣe ra àpótí ìwòsàn ejò bunijẹ lọ́pọ̀ yanturu nínú ìrusókè, àti bí òun ṣe ń dá lítíọ́ọ̀mù dúró, nítorí ìrusókè náà ń pe òun. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ògbóǹtarìgì nínú iṣẹ́ náà ni o. Ẹ má tètè pe ọmọ yín ní olóríkunkun, nígbà náà.

Ní ilẹ̀ wa, ilé ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ tó wà ní Yábà, l'Ékòó, ti wà láti 1907, ṣùgbọ́n àhámọ́ ni nígbà yẹn ju ilé ìwòsàn lọ, àwọn ọmọ ìta sì ṣì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní. Ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Àrò, ní Abẹ́òkúta, ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò ní kí àwọn aláìsàn má ṣe wà lẹ́yìn ògiri, kí wọ́n máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí Àrò ká, kí mọ̀lẹ́bí kan bá wọn wá, kí ó máa sè fún wọn, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ oko, kí wọ́n sì máa lọ gba ìtọ́jú. Ayé wá kẹ́kọ̀ọ́ lára Àrò. Ó máa ń dùn mí pé síbẹ̀, ní 2019, àjọ Human Rights Watch ṣì bá àwọn tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so mọ́lẹ̀ nínú ilé ìwòsàn, ilé ìjọsìn àti ọgbà oníṣègùn ní orílẹ̀-èdè kan náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ tó rọ́pò ti 1958. Ẹ̀tọ́ aláìsàn wà nínú rẹ̀ báyìí.

Ìgbà tí ara bá balẹ̀ ni ká ti ṣe àdéhùn nípa ohun tí a ó ṣe bí ìrusókè bá tún dé. Ká ní Bàbá Ìbejì ti ń lo oògùn, ó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà yẹn ni kí òun àti ìyàwó rẹ̀ jókòó, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: bí mi ò bá sùn fún òru méjì, gba káàdì ATM lọ́wọ́ mi, má jẹ́ kí n yá owó, pe ẹ̀gbọ́n mi, gbé mi lọ rí dókítà, bí mo tilẹ̀ ń bú ọ. Kó fọwọ́ sí i. Nígbà tí ìrusókè bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń fò ò ní gbà.

Ìgbà kan wà tí apá méjèèjì máa ń wọlé papọ̀: ọkàn bàjẹ́ bí ti ìsoríkọ́, ara sì ń sáré bí ti ìrusókè. Ìgbà yẹn ló léwu jù. Tí ẹ bá fura sí i, ẹ béèrè tààrà: “Ṣé ó ń ṣe ọ́ bíi kó o gba ẹ̀mí ara rẹ?” Bíbéèrè kì í fi èrò náà síni lọ́kàn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí, ẹ gbé e lọ sí Yábà, Àrò, UCH n'Ìbàdàn, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.